Ìyá Tolú, ẹ dá ilẹ̀ ọ̀nà Ọ̀dà yẹn sí ná

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ọlọ́run á fún yín lókun. Ẹ ní ẹ rí fídíò pé ní Kánádà, wọ́n ń fi ìró ṣí ọ̀nà ọpọlọ kí òògùn jẹjẹrẹ lè ráyè wọlé, ẹ sì fẹ́ ta ilẹ̀ ọ̀nà Ọ̀dà láti fi gbé wọn lọ. Irú kókó jẹjẹrẹ tó wà nínú ọpọlọ bàbá yẹn náà ló wà nínú ọpọlọ olóògbé ẹ̀gbọ́n mi. Àkúrẹ́ là ń gbé, Ìbàdàn la ti gba radiotherapy, ìtọ́jú onítànṣán. Èmi ni mò ń tẹ̀ lé wọn káàkiri.

Òótọ́ ni fídíò yẹn. Ilé ìwòsàn Sunnybrook ní Toronto ló kọ́kọ́ fi ìró ṣe é láti òde agbárí fún ẹni tó ní kókó ọpọlọ, lọ́dún 2015. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ wínníwínní sínú iṣan, wọ́n á wá darí ìró tí etí ò gbọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe scan aláboyún, sí ojú ibi tí wọ́n fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà á máa wú, á máa sún kì, á sì máa ti ògiri iṣan títí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ra pinpin tí kì í jẹ́ kí òògùn wọ ọpọlọ, á fi dẹ̀ díẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ọ̀nà ti padà dí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lo òògùn ni wọ́n á tún un ṣí. Ìwádìí ni wọ́n ṣì ń ṣe lórí ẹ̀ fún kókó ọpọlọ. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá bá ìlànà wọn mu ni wọ́n ń mú. Owó ilẹ̀ kọ́ ló ń gbéni wọbẹ̀.

Ti mannitol, òògùn olómi inú ìgò tí ẹnìkan ní ó ń ṣí ọ̀nà kan náà, ẹ má bẹ dókítà pé kó fi kún un o! Èyí tí wọ́n ń fà sí bàbá lápá, ó ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ tó wú ni, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi pọ̀. Èyí tó ń ṣí ọ̀nà, inú iṣan ọrùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí ni wọ́n ń gbà fún un, pẹ̀lú òògùn oorun, kì í ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa wo ìdí ìgò mannitol dáadáa. Ó máa ń dì wẹ́wẹ́ bí iyọ̀. Nọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n mi á rì í sínú bóòlù omi gbígbóná, á máa mì í títí á fi mọ́ gaara, á jẹ́ kó tutù díẹ̀ kó tó gbé e kọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé láàárín kókó gan-an, ògiri iṣan ti ń jò tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń fa wíwú. Etí kókó náà, níbi tí jẹjẹrẹ ti ń yọ́ wọ inú ọpọlọ tó ṣì dá, lọ̀nà ti pa mọ́ òògùn. Ṣùgbọ́n temozolomide, òògùn jẹjẹrẹ tí bàbá ń lò, máa ń ráyè wọlé dé ìwọ̀n kan fúnra rẹ̀. Kó má bì jáde nikùn ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́: òògùn èébì ṣáájú, kápúsù lórí ikùn òfìfo, ẹ má tú u. Ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò kó má yẹ̀. Ibẹ̀ lowó ń lọ. Ẹ bi dókítà bóyá ìwádìí kankan gba irú tiwọn. Ẹ ní kó kọ lẹ́tà fún yín.

Kí dexamethasone, òògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, má sì tán nílé yín lọ́jọ́ Sunday. Wọn kì í dá a dúró lójijì.