Iṣẹ́ kajú nínú igbó Ìfẹ́lódùn, àti bí ọjọ́ ìsinmi ṣe lè gbé ẹ dé Òwu

Àbúrò, o ní wọ́n ti gbà ọ́ láti lọ ṣa kajú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti oṣù kejì di oṣù kẹrin. O ní aba ni ẹ óò máa sùn, Ìlọrin lo sì gbọ́njú sí. O wá ń béèrè ohun tí wàá dì lẹ́rù, àti bóyá o lè fi ọjọ́ ìsinmi gun òkè, kí o sì dé ibi tí omi Òwu ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tó bá èrò yìí lọ, orí ẹní ni wọ́n ti ń lo ìsinmi wọn, ẹsẹ̀ a ti bó, ọwọ́ a ti dúdú. Ohun tí o bá fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ ṣe láti Mọ́ńdè di Sátidé ló máa pinnu bóyá wàá fojú kan Òwu lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ọwọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Oje kan wà nínú èèpo kóró kajú tó ki, tó sì ń jó awọ bí omi bátìrì. Kì í jó ẹ lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọra, pàápàá láti ara kóró tí ẹranko ti gé jẹ tàbí tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ fọ́. Bó bá máa fi di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ti dúdú, awọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, fi òróró pa ọwọ́ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́, má gbàgbé abẹ́ èékánná, kí o wá fi eérú gbígbẹ lé e. Tí ẹ bá fẹ́ jẹun ọ̀sán, òróró náà ni kí o tún fi nù ún kúrò kí ọṣẹ tó kàn án. Omi lásán kò ràn án, ṣe ló máa tàn án ká. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà dára, ṣùgbọ́n ó ń mú ọwọ́ làágùn, ó sì máa ń tètè ya. Má fi eyín já kóró kúrò lára èso rí, ètè tó bá kan oje yẹn kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àwọn ọmọ tuntun máa ń fi rẹ́rìn-ín: kí o tó lọ tọ̀ ni kí o fọwọ́, má dúró dìgbà tí o bá tọ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkùnrin ń ṣàṣìṣe yẹn.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò le láti kọ́. Èyí tó bá já fúnra rẹ̀ ni kí o ṣà. Èyí tí wọ́n bá gbọn lulẹ̀, kóró rẹ̀ lè má tíì gbó, ẹni tó ń rà á á sì mọ̀. Di èso mú lọ́wọ́ òsì, fi ọwọ́ ọ̀tún yí kóró, má fà á. Bí o bá fà á, ẹran èso máa kù lórí rẹ̀ bíi fìlà, ibẹ̀ ni yóò ti bu. Tí ó bá ti pọ̀ jù fún ọwọ́, kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, na okùn ọ̀rá tín-ínrín láàárín wọn kó le dáadáa, kí o máa gbé ibi tí kóró ti pàdé èso lé okùn náà, tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó já. Sá a sórí tapólì tàbí sìmẹ́ńtì ní ìpele kan ṣoṣo fún ọjọ́ 2 sí 3, máa rú u lójú oòrùn, máa bò ó lálẹ́ nítorí ìrì. Ó ti gbẹ nígbà tí o bá mì ín tí o gbọ́ kóró tó ń lu èèpo nínú, tí èékánná rẹ kò sì lè fa ilà sára rẹ̀ mọ́. Àpò ìdọ̀họ ni kí o kó o sí, orí pákó ni kí àpò sì jókòó lé, kó má fara kan ògiri. Àpò ọ̀rá kì í jẹ́ kó mí, ó ń làágùn nínú rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan òórùn ti yí padà.

Lórí owó, ẹ sọ ọ́ kí o tó gun mọ́tò: ṣé ojoojúmọ́ ni àbí kílò, ta ló ń bọ́ yín, ta ló ń gbé omi wá, ta ló máa san owó ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ kílò, o lè fi nǹkan tí ojú rẹ mọ̀ dán òṣùwọ̀n wò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi kò lè wọ̀n ju kílò 26 tàbí díẹ̀ lé lọ, kò sì lè dín sí 25. Gbé e kọ́ ṣíkẹ́ẹ̀lì lójú gbogbo èèyàn, bí ẹní ń ṣeré. Tí ó bá wọ̀n kílò 22, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ ò sì ní láti bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹsẹ̀ wá kàn. Bàtà òjò onírọ́bà tó ga dé ojúgun ni kí o wọ̀ ṣiṣẹ́, kí ó fi ìwọ̀n kan ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ìbọ̀sẹ̀ òwú mẹ́ta ni kí o ní: ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan gbígbẹ nínú ọ̀rá. Pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ibì kan bá lé, má bẹ́ ẹ. Fi aṣọ mímọ́ dì í. Láàárọ̀, dorí bàtà kodò kí o gbọ̀n ọ́n kí o tó wọ̀ ọ́, nítorí àkeekèé. Ewé kajú tó ti gbẹ máa ń nípọn lábẹ́ igi, ejò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ọ̀pá tí orí rẹ̀ kọ́ ni kí o fi máa fa ewé, má ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ sèbé àti ọká, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe jàǹbá fún àgbẹ̀ jù kéré, àwọ̀ iyanrìn ló ní, ó máa ń ká ara rẹ̀, tí inú bá ń bí i á máa fi ìpẹ́ ha ìpẹ́, kó máa dún bí òróró tí wọ́n ń dín àkàrà. Ibi tí o bá ti gbọ́ ìró yẹn, dúró, wo ilẹ̀, kí o padà sí ojú ẹsẹ̀ rẹ. Lálẹ́, orí pèpéle tàbí bẹ́ẹ̀dì ni kí o sùn, nínú nẹ́ẹ̀tì tí o ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní. Má jáde láìsí tọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn aba lásán.

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má dì í pinpin, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má sì dúró de òkúta dúdú tí wọ́n ní ó ń fa oró. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ fi igi méjì di apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má mì, ẹ gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, ẹ lọ. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò mímọ́ fún ìṣẹ́jú 20 láti mọ̀ bóyá ó ń dì. Bí kò bá dì, oògùn oró ejò ló kàn, àgbo kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, kí o tó kúrò ní Ìlọrin, wádìí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ aba yín tó ní oògùn náà, kí o kọ nọ́ńbà wọn sórí páálí bàtà. Sèbé tó bá tutọ́ síni lójú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ó má fọwọ́ ra á.

Omi mímu: sè é títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí omi mọ́ gaara lójú, ṣùgbọ́n kò pa kòkòrò. Má wẹ̀ nínú adágún tàbí odò tí kò ṣàn, àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀. Létí odò tó ń ṣàn kíkan náà, kòkòrò kékeré dúdú tí ń jẹni lọ́sàn-án ló ń gbé àrùn afọ́jú kiri, nítorí náà wọ ẹ̀wù alápá gígùn. Tí ooru bá mú ẹ tí ìgbẹ́ gbuuru sì dé, lítà omi kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 tí o gé ojú rẹ̀, àti ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì iyọ̀ ni kí o pò pọ̀ mu. Bí iyọ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń ṣeni léṣe.

Iná ọdẹ ni ohun tí àwọn ará Ìlọrin kì í kà sí. Igbó gbẹ ní oṣù kejì àti ìkẹta, ọdẹ òkété sì ń ti iná bọ̀ ọ́. Ẹ gé ilẹ̀ yí aba ká rẹ́rẹ́, mítà 3 ó kéré tán, kí ẹ gbá ewé rẹ̀ kúrò. Bí iná bá ká ẹ mọ́ inú igbó, má sá gun òkè. Iná ń yára gòkè ju ènìyàn lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o gbà, kí o wá ibi tó ti jó tẹ́lẹ̀ tó ti dúdú, kí o dúró síbẹ̀.

Nísinsìnyí, Òwu. Abẹ́ Owá Kájọlà ló wà, gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 120. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi rẹ̀ máa ń tín-ínrín, nítorí náà má retí àrá tí o rí nínú fídíò. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ọ̀nà gbẹ, àpáta sì fara hàn. Kó o tó pinnu ọjọ́, bi baálẹ̀ àti àwọn ọlọ́dẹ bóyá ọ̀nà dára. Ọ̀ràn ajínigbé kì í ṣe àwàdà ní agbègbè yẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ lọ wo ère Ẹsìẹ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ti wà láti 1945, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọkàn yín á sì balẹ̀.

Bí wọ́n bá ní ó dára, ẹ jẹ́ mẹ́rin ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú yín jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Bàtà òjò kò yẹ fún àpáta tútù, ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Wọ kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ní ìlà jíjìn. Lítà omi 3 lórí olúkúlùkù, gàrí, kúlíkúlí, wàrà tí wọ́n dín (tútù kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru). Ẹ gbéra ní aago 6:30, ẹ kúrò lórí àpáta kí aago 2 tó lù. Ohun aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ àpáta ló ń gbé ènìyàn ṣubú jù. Gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹsẹ̀ kejì àti ọwọ́ kan ti dúró ṣinṣin. Tí o bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tó ga, kọjú sí àpáta. Má dúró sí abẹ́ ibi tí omi ń já sí gan-an, òkúta àti igi ń bá a bọ̀. Má bẹ́ sínú rẹ̀, àpáta wà nísàlẹ̀.

Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Òjò lè má kàn yín rárá, kó jẹ́ òkè odò ló rọ̀ sí. Wo àwọ̀ omi: bó bá ń pọ́n, tí ewé àti ẹ̀ka kékeré ń bá a bọ̀, tí ìró rẹ̀ sì ń wúwo, ẹ gun ẹ̀gbẹ́ lọ sókè lójú ẹsẹ̀, ẹ má tọ ojú odò sá. Ẹ má dúró lábẹ́ igi kan ṣoṣo tàbí lórí ṣóńṣó àpáta tí àrá bá ń sán.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí. Kó o tó kúrò ní aba, sọ fún ẹni tó kù nílé pé aago 4 ni ẹ máa dé, kí o sì bá a ṣe àdéhùn pé bí kò bá rí yín títí aago 5, kí ó kó àwọn ọlọ́dẹ jáde. Oòrùn ń wọ̀ ní aago 7 ku díẹ̀ lásìkò yẹn, wákàtí bíi 2 ni wọ́n á ṣì ní láti fi wá yín kí ilẹ̀ tó ṣú.