Ẹ̀yìn ilé tó ń rin gbingbin: ṣé ká da yanrìn sí i ni, àbí ká gbin làbẹ̀làbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Ìkòròdú níbí, kété tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni igun kan lẹ́yìn ilé wa á rin gbingbin, gbogbo òdòdó tí mo bá gbìn síbẹ̀ á sì rà. Ọkọ mi ní ká da yanrìn sí i. Èmi rí oríṣi làbẹ̀làbẹ̀ ẹlẹ́wà kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó. Ṣé ó máa ṣe dáadáa níbẹ̀, àbí ó máa di igbó mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ bá mi bẹ bàálé yín kí wọ́n má tíì ra yanrìn. Omi tí ẹ bá lé kúrò níbẹ̀, ìdí fẹ́ńsì tàbí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló máa forí lé. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá ṣì ń rin nígbà ọyẹ́, ó ṣeé ṣe kí páìpù ti bẹ́ tàbí kí sọ́kàwéè máa jò. Ẹ wá púlọ́ńbà ná.

Bó bá jẹ́ omi òjò lásán ni, ẹ gbin làbẹ̀làbẹ̀ yín. Àwọn òdòdó yòókù ń rà nítorí pé omi ti lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ilẹ̀. Tirẹ̀ ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín nínú igi, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé gbòǹgbò. Òfíò tí à ń jẹ, ẹbí rẹ̀ ni.

Nínú àwọn oríṣi làbẹ̀làbẹ̀, ẹ fi Cyperus papyrus sílẹ̀, èyí tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ṣe ìwé. Ó lè ga ju mítà 3 lọ. Cyperus involucratus ni kí ẹ béèrè, èyí tí ewé orí rẹ̀ tò yípo bí agboòrùn. Kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn díẹ̀ bí ẹ bá ń bomi rin ín.

Bí ẹ bá ra ìdí làbẹ̀làbẹ̀ kan ṣoṣo, ó ti tó, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ gé orí rẹ̀ kan pẹ̀lú igi tó gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ rẹ́ ewé rẹ̀ ku ìdajì, kí ẹ wá dorí rẹ̀ kodò sínú ife omi: ewé nísàlẹ̀, igi lókè. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbòǹgbò á yọ níbi tí àwọn ewé ti pàdé, ọmọ á sì máa hù láti ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ìbẹ̀rù yín lórí igbó tọ̀nà, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà tàn. Inú báàfù oníke tí kò nihò ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ ri báàfù náà mọ́lẹ̀, kí etí rẹ̀ yọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ kún un dé etí, kí omi má baà dúró lójú rẹ̀ fún ẹ̀fọn. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ hú u, ẹ pín in, ẹ da àárín tó ti gbó nù, kí ẹ tún èyí tó wà létí gbìn. Igi tó bá ti gbẹ, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ ti gé e. Ẹ má sì da àwọn orí tí ẹ bá gé sínú gọ́tà tàbí odò. Wọ́n máa hù níbẹ̀.