Vancomycin tí wọ́n kọ fún ọkọ yín: ẹ jẹ́ kó rọra wọlé

Àǹtí mi, mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní kòkòrò sitáàfù tí oògùn ò ràn ló wọ ojú iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ọkọ yín, pé vancomycin, oògùn apakòkòrò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà kọ, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè ra kápúsù rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà kí wọ́n máa lò ó nílé. Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí àpá rẹ̀ ṣì wà lójúgun mi.

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú ní Ojúẹlẹ́gba, kí wọ́n tó lé wọn kúrò ní Sùúrùlérè lọ́dún 2022. Wọ́n fi irin de eegun mi. Kò pẹ́, ọyún bẹ̀rẹ̀. Oògùn apakòkòrò oríṣi mẹ́ta ni mo ti gbé mì kí ẹnikẹ́ni tó rántí mú ọyún yẹn lọ sí láàbù. Èsì dé: MRSA, sitáàfù tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ràn. Ẹ̀yin náà ti ṣe àyẹ̀wò láàbù yẹn, ó dáa.

Wọ́n wá kọ vancomycin, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ parí iṣẹ́ òru ló fún mi. Gíráàmù kan, ó kéré tán wákàtí kan ló yẹ kó fi wọlé. Ìyá yìí ṣí omi náà gbàragada, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi tán. Orí ló kọ́kọ́ yún mi. Lẹ́yìn náà, ọrùn, àyà, bí ẹni pé wọ́n da omi ata sí mi lára. Mo pariwo. Èmi dúdú bí kóró iṣin, ta ló máa rí i pé ara mi pọ́n? Wọ́n ní mo ń ṣe àṣejù. Dókítà kan dé, kò jókòó, kò béèrè ohunkóhun, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí fáìlì mi pé ara mi kọ oògùn náà. Wọ́n dá a dúró.

Ọjọ́ márùn-ún! Ọjọ́ márùn-ún ni kòkòrò fi jẹ mí lẹ́sẹ̀ láìsí oògùn tó ràn án. Ibà ń mì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ń fi ìborùn bo imú kó tó lè bọ́ mi lóúnjẹ. Ọjọ́ kẹfà ni àgbà kan tó ń ṣètò oògùn wọ wọ́ọ̀dù, ó wo fáìlì, ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi fún un?" Kẹ́kẹ́ pa. Ó ní kí wọ́n fún mi ní Piriton ṣáájú, kí wọ́n fi wákàtí méjì fún mi ní omi náà. Kò sí ohun tó yún mi. Ìkánjú ló fà á, kì í ṣe pé ara mi kọ̀ ọ́. Àmọ́ bí èémí bá ń há ọkọ yín, tí ètè bá wú, tàbí tí ojú wọn bá ń ṣú, ìyẹn kì í ṣe eré: kí wọ́n ti omi náà pa lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe dókítà.

Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa wo aago. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá fẹ́, kí wọ́n bínú.

Kíńdìnrín ńkọ́? Ìwọ̀n ara àti bí kíńdìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọn oògùn yìí, nítorí náà kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò léraléra, kí wọ́n sì wọn oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bí láàbù bá wà tó lè ṣe é. Kíńdìnrín tèmi fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní gentamicin, apakòkòrò mìíràn, mọ́ ọn, àbúrò mi tún ń gbé diclofenac, oògùn ìrora, wọlé lábẹ́ aṣọ; àwọn méjèèjì ló lè pa kíńdìnrín lára. Àgbo ńkọ́? Gbogbo àwọn tó ń polówó àgbo sitáàfù nínú bọ́ọ̀sì láti Múṣin dé Ọ̀ṣòdì, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹ̀n, kápúsù. Rárá o. Kápúsù vancomycin kì í kúrò nínú ìfun lọ sínú ẹ̀jẹ̀; ìgbẹ́ gbuuru kan tí kòkòrò inú ìfun ń fà ni wọ́n ń lò ó fún. Kò ní dé ojúgun láéláé. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sílé, ẹ bi dókítà nípa teicoplanin, àbúrò vancomycin: lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń gún un. Tàbí linezolid, apakòkòrò mìíràn, èyí tó ní oníhóró tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ bí ẹ bá lò ó pẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má dá a rà fúnra yín.

Irin ẹsẹ̀ wọn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹ ò sọ. Ara irin yẹn ni kòkòrò tèmi lẹ̀ mọ́, ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ ni ọyún tó dá.