Báwo la ṣe ń mọ kókó ìparí èrò nínú àwíjàre?

Kókó ìparí èrò ni gbólóhùn tí àwọn yòókù ń tì lẹ́yìn, tí òun kò sì ti òmíràn lẹ́yìn. Kò pọn dandan kó gbẹ̀yìn. Wo àpẹẹrẹ yìí: "Ó yẹ kí wọ́n ti afárá náà pa. Irin rẹ̀ ti dípẹtà, nítorí náà kò lè gba ọkọ̀ ńlá mọ́." Ọ̀pọ̀ ènìyàn á mú èyí tó tẹ̀lé "nítorí náà", ṣùgbọ́n ìparí kékeré nìyẹn, òun gan-an ni ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ti afárá náà pa. Bí gbólóhùn méjì bá rú ọ lójú, fi "nítorí pé" so wọ́n pọ̀. Bó bá bọ́gbọ́n mu, èyí tó ṣáájú "nítorí pé" ni kókó. Nígbà míì, òǹkọ̀wé kì í sọ ọ́ jáde rárá.