Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Màmá Alágbàká: Ta ló lè ní kí wọ́n má ti ọjà wa pa mọ́?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹkárá ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó fẹ́ lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ wá kí wa lọ́jà. Ó ní nǹkan mẹ́ta lòun máa fi ṣáájú bí òun bá wọlé: ọ̀nà, iná, àti òfin tí ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ti ọjà pa nítorí àìsàn láéláé. A pàtẹ́wọ́ fún un títí. Gbèsè tí mo jẹ nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, ó pẹ́ kí n tó bọ́ nínú ẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lára. Àmọ́ bàbá àwọn ọmọ mi ní ẹnu lásán ni. Ṣé aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára bẹ́ẹ̀?
Ìyá Aláǹkárá, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Bàbá àwọn ọmọ yín jàre, àmọ́ kò jàre tán.

Ìwé òfin ọdún 1999 ya àwọn ohun kan sọ́tọ̀ tó jẹ́ pé Àbújá nìkan ló lè ṣòfin lé wọn lórí. Kọ̀ráńtíìnì, ìyẹn sísé èèyàn mọ́lé nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, wà lára wọn. Òfin tí wọ́n lò fún un ní 2020, láti 1926 ló ti wà nílẹ̀, nígbà tí òyìnbó ṣì ń pàṣẹ fún wa. Mo ti kà á, kò gùn rárá. Ẹni tó bá rú u, ìtanràn ₦200 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Igba náírà! Ẹ bi oníbúrẹ́dì yín wò bóyá ó lè fún yín ní èérún ẹ̀. Abẹ́ òfin yẹn ni Ààrẹ Buhari dúró sí tó fi ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹta 2020. Òfin kan náà ló sọ pé níbi tí Ààrẹ ò bá ti pàṣẹ, gómìnà lè pàṣẹ fún ìpínlẹ̀ tiẹ̀. Gómìnà ni wọ́n dárúkọ o. Wọn ò dárúkọ ọnọ́rébù kankan.

Tí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá wá gbé àbádòfin ẹ̀ lọ sí ilé aṣòfin ní Alágbàká, tí àwọn aṣòfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n tó ń jókòó níbẹ̀ gbà á wọlé, tí gómìnà buwọ́ lù ú, àṣẹ Àbújá á ṣì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn lọ́jọ́ tí àrùn bá dé. Ọjà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé òfin ní kó máa bójú tó o. Àti pé, ẹ jẹ́ n bi yín: ká ní wọn ò ti Ọjà Ọba pa lọ́dún yẹn, ta ni ì bá kó àǹkárá wá fún yín? Ọjà Balógun wà ní títì l'Ékòó, títí di ìparí oṣù Kẹfà ni Àbújá ò sì jẹ́ kí èrò ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù á ṣí, igbá á sì ṣófo.

Èrò tèmi rèé, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ yín nínú. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ti ọjà nígbà náà. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòròná ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan láyé yìí nígbà yẹn. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà, Gómìnà Akérédolú fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àyẹ̀wò ní òun ti kó o. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Keje, Dókítà Wahab Adégbẹ́nrò tó jẹ́ kọmíṣánnà fún ìlera kú. Àwọn tó ń sọ fún mi títí dòní pé kòròná ò sí, mo máa ń bi wọ́n pé kí ló pa kọmíṣánnà. Wọ́n á ní "Màmá, ẹ ti tún dé."

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe fi tálákà sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tilẹ̀kùn tán. Télọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ó ti rán aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tí wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn ọdún Àjíǹde sílẹ̀, léèsì aláwọ̀ ewé, ó fi pín-ìnì gún orúkọ mọ́ èyí tó jẹ́ ti oníkálukú. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí àpèjẹ. Ẹnikẹ́ni ò wá gbaṣọ, ẹnikẹ́ni ò san àṣẹ́kù owó. Ìrẹsì ìrànwọ́ tó kàn án ò tó sè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ta ẹ̀rọ tó fi ń di etí aṣọ kó tó rówó ilé san. (Nígbà tí wọ́n máa fi ṣègbéyàwó ọ̀hún, oyún ìyàwó ti yọ, wọ́n sì ní kó wá tú aṣọ rán. Ẹ̀rọ dà?) Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni rògbòdìyàn EndSARS bẹ́ sílẹ̀, táwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí l'Ékòó, l'Ọ́ṣun, ní Kwara, tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòròná níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ aṣòfin wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní bàbá àwọn ọmọ yín ò jàre tán. Aṣòfin ò lè sọ pé kí àrùn má wọ̀lú. Àmọ́ kọ́bọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé ilé aṣòfin fọwọ́ sí i. Abala 128 àti 129 nínú ìwé òfin fún wọn lágbára láti tú ìdí owó wò, kí wọ́n sì pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́jọ́ bó ṣe ná an. Abala 123 ní wọ́n lè fi òfin dá àpò pàjáwìrì kan sílẹ̀ tí gómìnà lè tètè mú owó níbẹ̀ bí nǹkan òjijì bá dé, kó wá padà wá ṣàlàyé níwájú wọn. Wọ́n lè kọ ọ́ sínú òfin pé bí ọjà bá máa wà ní títì ju iye ọjọ́ kan lọ, owó báyìí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọlọ́jà, kí ìjọba ìbílẹ̀ má sì gba owó ìsọ̀ fún oṣù yẹn. Àbújá ò lè bínú sí ìyẹn.

Tó bá padà wá, ẹ má pàtẹ́wọ́ kíákíá. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣí ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ rí. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀wé fún àwọn aṣòfin kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ibi tí wọ́n ń wò. Òpó nọ́ńbà mẹ́ta inú ìwé náà ló ṣe kókó: iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún tó kọjá, iye tí wọ́n ná gan-an, àti iye tí wọ́n fẹ́ yà sọ́tọ̀ báyìí. Ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹta ni wọ́n máa ń kà fáyé gbọ́ lórí rédíò. Ti àárín ni kí ẹ bi í. Bó bá mọ èyí tí mò ń wí, ẹ lè tẹ̀ka fún un. Bó bá ní "Màmá, a máa gbé e yẹ̀ wò", ẹ máa tàǹkárá yín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí l'Ọ́wọ̀. Aṣòfin wa ń gbẹ́ omi ẹ̀rọ, ó sì ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọdọọdún sì ni ibà Lassa ń dà wá láàmú. Kí ni ká ní kó fi ṣáájú?
Olùkọ́ Àgbà, Ọ̀wọ̀

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìnáwó ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Omi ẹ̀rọ ò burú, ẹni tí ò rómi báwo ni yóò ṣe fọwọ́? Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mi ò rí ìdí ẹ̀.

Láti 1969 tí wọ́n ti mọ ibà yìí ní ìlú Lassa ní Borno, mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ti ọjà pa nítorí ẹ̀. Eku ló ń gbé e kiri: ó tọ̀ sórí gààrí, a jẹ ẹ́. Oǹdó, Edo àti Bauchi ló sì sábà máa ń ní in jù. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́wọ̀ níbẹ̀ ń tọ́jú àwọn tó bá kó o, àmọ́ ti Àbújá nìyẹn. Ti ìpínlẹ̀ ni ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò, níbi tí wọ́n á ti kọ́kọ́ pè é ní ibà lásán, tí wọ́n á fún èèyàn lóògùn ibà títí á fi bọ́ sórí. Ẹ ní kó bèèrè lórí ìjókòó ilé pé ṣé àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ìbọ̀wọ́ tó tó? Ṣé wọ́n ń kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́yìn ọjà? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àwọn wolé-wolé wọlẹ̀ sí? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá yọ lókèèrè, ìyá mi á ti máa bo ìkòkò omi, á máa kó gààrí tó sá sójú títì. Owó oṣù wọn ò tó nǹkan lára owó tí a fi ń wo ènìyàn kan tí Lassa bá dá sílẹ̀. Kí ọ̀ẹ̀rùn tó dé ni kó sọ ọ́ o, torí ìgbà náà ló máa ń gbóná jù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè pe aṣòfin padà sílé bí kò bá ṣiṣẹ́?
Ọmọ Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é, abala 110. Ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn yín lọ tó máa buwọ́ lùwé, lẹ́yìn náà àjọ elétò ìdìbò, INEC, á ṣètò ìdìbò bẹ́ẹ̀-ni bẹ́ẹ̀-kọ́ láàárín 90 ọjọ́. Wọ́n gbìyànjú irú ẹ̀ lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogí. Ní 2018 tí INEC yẹ ìbuwọ́lù wò, èyí tó jẹ́ òótọ́ ò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí akọ̀wé ẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún yín, kí ọjọ́ sì hàn lára òǹtẹ̀ náà.