Ẹnu Ń Gbàdúrà, Ọkàn Ti Jáde

Ìbéèrè

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Leeds. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wákàtí 12 sì ni lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ méjì ló wà nílé, ọ̀kan jẹ́ ọdún 14, èkejì jẹ́ 9. Kì í ṣe pé a kì í gbàdúrà. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà mẹ́rin lórí WhatsApp, mo ń bá wọn ṣe ìṣọ́ òru lórí Zoom, mo sì ń gbọ́ ìwàásù pásítọ̀ bíi márùn-ún tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Síbẹ̀, tí mo bá kúnlẹ̀, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, owó iná ni mo ti ń rò, tàbí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi sọ. Àwọn ọmọ náà kì í fẹ́ jókòó ti àdúrà àárọ̀ mọ́. Èyí àgbà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mummy, ṣé gbogbo àwọn tó wà lábúlé ló fẹ́ pa wá ni?" Mi ò rí èsì fún un. Báwo lèèyàn ṣe ń ní ọkàn tó dúró sọ́dọ̀ Ọlọ́run nínú irú ayé yìí, báwo la sì ṣe ń fi kọ́ ọmọ?

Ìyá Ọmọ Méjì, Leeds

Èsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin mi. Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ kú ọmọ títọ́. Ọlọ́run á máa fún yín lókun.

Ìbéèrè ọmọ yín àgbà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wá ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ méje, tí ẹ bá ti ṣe àmín tán, ẹ kọ àwọn kókó tí ẹ gbàdúrà lé lórí sílẹ̀. Ẹ pín ojú ìwé náà sí mẹ́ta: Ọlọ́run fúnra rẹ̀ lápá kan, àìní wa lápá kejì, ọ̀tá àti ẹ̀rù lápá kẹta. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ kà á. Nínú àdúrà ọ̀pọ̀ nínú wa, apá kẹta ló máa ń kún jù. Orúkọ Ọlọ́run la fi ṣí i, òun náà la fi pa á dé, ṣùgbọ́n ẹni tá à ń wò lójú ọkàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ọ̀tá ilé bàbá. Ibi tí ẹnu bá ń lọ ṣáá lọkàn ń bá a lọ. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú to ìṣe ọ̀tá lẹ́sẹẹsẹ ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ronú nípa ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tó fi gbàdúrà tán tí àyà rẹ̀ ṣì ń já.

Mi ò sọ pé ibi ò sí o. Jésù fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa ká máa sọ pé "gbà wá lọ́wọ́ bìlísì". Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó fi í sí nínú Mátíù 6: ìparí pátápátá. Ohun mẹ́ta tó ṣáájú, ti Ọlọ́run ni: kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ, kí ìjọba rẹ dé, ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ òòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ni ìdáríjì, ìdẹwò àti ibi ló wá kẹ́yìn. Ẹ gbé àdúrà yín lé òṣùwọ̀n yẹn. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ ní, ẹ lo márùn-ún lórí mẹ́ta àkọ́kọ́, méjì lórí oúnjẹ àti owó iná, méjì lórí ìdáríjì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan tó kù tọrọ ààbò.

Ibi tó ń le fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn, nítorí a ò mọ ohun tá a máa sọ nígbà tí kì í ṣe pé à ń tọrọ nǹkan. Ẹ má fò ó. Ẹ mú "kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ", kí ẹ wá ibì kan ṣoṣo fún un nínú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀. Bí àpẹẹrẹ: "Olúwa, baba àgbà tó ń bú mi ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, jẹ́ kí orúkọ rẹ níyì nínú bí mo ṣe máa dá a lóhùn lálẹ́ yìí." Ẹ ti gbé iṣẹ́ wọnú àdúrà nìyẹn, kò tún ní láti yọ́ gba ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín sọ náà, abẹ́ ìdáríjì ni àyè rẹ̀ wà.

Ní ti ọmọ, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ ní, "Rárá, wọn ò fẹ́ pa wá. A ti jẹ́ kí ẹ̀rù ṣáájú nínú àdúrà wa, a sì fẹ́ yí i padà." Kí ó sì rí i lóòótọ́ pé ẹ yí i padà. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dárúkọ ará ilé méjì, ẹ̀gbọ́n yín tàbí ìyá àgbà tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín níjọ́un, kí ẹ súre fún wọn pẹ̀lú ohun tí wọ́n nílò: ojú tó ń dùn wọ́n, owó ilé ìwé ọmọ wọn. Ọmọ tí wọ́n bí síbí kò mọ ilé lọ́nà mìíràn ju èyí tó ń gbọ́ lẹ́nu yín lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àdúrà wá kàn. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mẹ́rin lórí WhatsApp, pásítọ̀ márùn-ún, mẹ́sàn-án nìyẹn, oníkálukú pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì tirẹ̀. Kó tó di Ọjọ́rú, etí ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan, àyà ò gba ẹyọ kan. Ẹ mú ti ìjọ yín nìkan. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún àwọn aṣáájú yòókù pé iṣẹ́ òru kò jẹ́ kí ẹ lè máa bá wọn lọ báyìí, kí ẹ sì pa ohùn ẹgbẹ́ wọn lórí fóònù. Nínú ìwàásù, ti ọjọ́ Àìkú nìkan ni kí ẹ mú, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè máa bà yín pé ìbùkún máa fò yín dá. Màríà tó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ Jésù nínú Lúùkù 10 fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ láìṣe lọ́jọ́ náà, Jésù ò sì bá a wí.

Inú ìwàásù kan yẹn ni kí ẹ ti mú ẹsẹ kan fún ọ̀sẹ̀. Ẹsẹ kan o, kì í ṣe orí kan. Jóṣúà 1:8 ní ká máa ṣe àṣàrò nínú ìwé òfin lọ́sàn-án àti lóru. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni hagah, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kéèyàn máa kùn lábẹ́ ohùn. Òun náà ni wọ́n lò nínú Àìsáyà 31 fún kìnnìún tó ń kùn lórí ẹran tó pa, àti nínú Àìsáyà 38 fún ìró àdàbà. Nítorí náà, àṣàrò kì í ṣe kéèyàn di ojú kó máa wá èrò ńlá. Ẹnu ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń rìn nílò nǹkan tí ahọ́n máa dì mú.

Ẹ jẹ́ ká mú Sáàmù 23:1: "Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní." Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ẹ dúró lórí "Olúwa ni". Ẹ gbọ́ "ni" yẹn dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe: tá a bá ní "Bọ́lá ni ó pè mí", a ti yọ gbogbo ẹlòmíràn kúrò. Olúwa ni, kì í ṣe ọ̀gá, kì í ṣe àwọn tó ń fúnni ní físà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ dúró lórí "Olùṣọ́-àgùntàn": ẹni tó mọ iye ẹran tó kó jáde, tó sì ń wá omi kó tó mu tirẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, "mi". Ẹ kọ ẹsẹ náà sórí káàdì kékeré, kí ẹ tì í bọ ẹ̀yìn káàdì ìdánimọ̀ tẹ́ ẹ ń gbé kọ́rùn níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ ò lè ka iye ìgbà tẹ́ ẹ ń fọwọ́. Fífọ ọwọ́ dáadáa gba bíi ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹsẹ yìí kò gbà ju márùn-ún lọ. Ẹ máa kùn ún lábẹ́ omi ẹ̀rọ, ìgbà mẹ́ta fún ìfọwọ́ kan. Ẹ má pa ẹsẹ dà títí tẹ́ ẹ fi lè sọ ọ́ láìwo káàdì, ì báà gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọkàn ṣì máa rìn. Ẹ fi ìwé pélébé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Tí owó iná bá dé, ẹ kọ "owó iná" síbẹ̀, kí ẹ padà síbi tẹ́ ẹ wà. Bíbá a jà ló ń jẹ́ kó pẹ́. Ẹ lo Bíbélì oníwèé, nítorí tó bá jẹ́ inú fóònù lẹ ti ń kà á, iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lè wọlé ní àárín ẹsẹ, ó sì parí nìyẹn.

Ní ti àkókò, aago kò lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń yí. Ẹni tó bá pinnu pé aago márùn-ún ìdájí ni, ọ̀sẹ̀ òru kan ló máa dà á rú, á wá máa rò pé òun ti kùnà. Ohun kan tẹ́ ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́ ni kí ẹ so ó mọ́: lẹ́yìn tẹ́ ẹ bọ́ bàtà iṣẹ́, kẹ́ ẹ tó tan fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti òru dé, ìṣẹ́jú márùn-ún tó, lórí ìdúró, nítorí tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀, oorun ni. Ẹ rántí Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19: áńgẹ́lì fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sùn, kí Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ ní Hórébù. Tó bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ohunkóhun kò dùn mọ́ yín mọ́, tí oorun kò wá tàbí tí ẹkún ń wá láìnídìí, ẹ lọ rí dókítà yín. Àárẹ̀ ara lè wọ aṣọ àìnígbàgbọ́.

Fún kíkà, Májẹ̀mú Tuntun ní orí 260. Orí márùn-ún lọ́sẹ̀ á parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 52, ọjọ́ méjì á sì ṣẹ́ kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìgbà tí iṣẹ́ bá gbóná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Máàkù, orí 16 péré ni, nǹkan sì ń yá níbẹ̀.

Máàkù yẹn náà ni kí ẹ kà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àdúrà àárọ̀ sinmi ná. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú méjìlá, lẹ́yìn oúnjẹ, kí àwo tó kúrò lórí tábìlì. Ẹ gbé abọ́ kan sílé ìdáná fún fóònù, kí tiyín kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Èyí àgbà á ka ẹsẹ mẹ́jọ sí méjìlá ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin á tún ẹsẹ kan kà ní Yorùbá, èyí àbúrò á béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ibí yìí sọ nípa Ọlọ́run? Kí ló sọ nípa èèyàn? Kí la máa ṣe kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú? Ẹ má yí ètò wọn padà. Bí àpẹẹrẹ, nínú Máàkù 4, ìjì ń jà, Jésù sì ń sùn lórí ìrọ̀rí ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Àgbà máa fẹ́ sáré lọ sórí "ìjì ayé wa". Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á béèrè ìdí tó fi lè sùn. Ẹ dúró ti ìbéèrè yẹn, nítorí òun ló kan Jésù fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lọ́sẹ̀ tó fún wọn. Nínú Máàkù 1:15 ẹ máa bá ìrònúpìwàdà pàdé. Ẹ tú u síwẹ́wẹ́ lórí ìwé: rò, inú, pa, ìwà, dà. Ìrònú tó pa ìwà dà. Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, fi sílẹ̀ fún wa nínú ọ̀rọ̀ kan pé inú ni ìyípadà ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọwọ́. Ọmọ ọdún 14 lè lóye ìyẹn, ó sì lè wú u lórí pé èdè ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kedere bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tó ń lé ọmọ sá ju gígùn àdúrà lọ: ká máa fi àdúrà bá wọn wí. "Olúwa, fọwọ́ tọ́ ọmọ yìí kó lè máa palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́." Ọmọ mọ̀ pé òun lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá, ẹ sọ ọ́ ní ojú rẹ̀ nígbà mìíràn. Níbi àdúrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ń tọrọ ìdáríjì lórí ohun tí wọ́n rí yín ṣe lọ́sẹ̀ náà. Tí èyí àgbà bá ní òun ò ní gbàdúrà sókè, ẹ má fipá mú un. Kó ka ẹsẹ tirẹ̀, kó jókòó títí ìṣẹ́jú méjìlá á fi pé.

Ọ̀sẹ̀ kan máa wà tí gbogbo rẹ̀ á já. Ẹ má san gbèsè orí tẹ́ ẹ ò kà, torí orí mẹ́wàá tí wọ́n bá rọ́ pọ̀ sí ọjọ́ Sátidé ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn pa ìwé dé títí di oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀. Ẹ fi pépà sí ibi tẹ́ ẹ dé, kí ẹ ṣí i níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá ráyè.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Houston