Kí ni "ojú kan" nínú "ó dúró sójú kan"?

Ìbéèrè: Ọkun o. Nínú mọ́tò láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja, ọmọ mi ní igi ń sá lọ sẹ́yìn. Mo ní rárá, igi dúró sójú kan, àwa là ń lọ. Ó ní, "Ṣebí èmi náà jókòó sójú kan?" N ò rí èsì fún un. Kí ni "ojú kan" gan-an?

Ìdáhùn: Ọkun o. Ọmọ yín jàre.

Ojú yìí kì í ṣe ẹyinjú. Òun ló wà nínú ojú ọ̀nà àti ojú ogun: ibi tí nǹkan wà ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà, ọ̀nà ló ni ín. Ojú ogun, ogun ló ni ín. "Ojú kan" kò dárúkọ olówó rẹ̀, a kàn ń gbà pé ilẹ̀ ni. Ọmọ yín fi ti ọkọ̀ ṣe òdiwọ̀n. Àga kò kúrò níwájú rẹ̀, ẹ̀yin náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igi ló ń lọ.

Ẹ wo Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Bí atukọ̀ bá gbé àjẹ̀ sókè tí omi ń gbé ọkọ̀ lọ, ojú oró tó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ á máa bá a lọ. Ẹni inú ọkọ̀ á ní ó dúró sójú kan, ẹni tó ń fọṣọ létí odò á ní ó ń lọ. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn.

Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, kọ ọ́ ní 1632 pé bí ọkọ̀ ojú omi bá ń lọ geere láìmì, ẹni tó wà nínú yàrá rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó ń lọ. Omi tó ń kán láti òkè á ṣì bọ́ sínú ìgò ìsàlẹ̀. Ẹ fi ọsàn dán an wò. Bí mọ́tò bá ń sá kìlómítà 72 ní wákàtí kan, tí ọmọ ju ọsàn sókè bí ẹsẹ̀ bàtà kan, ọwọ́ rẹ̀ náà ló máa padà bọ́ sí. Lójú ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ọsàn yẹn ti rin mítà 10 síwájú kó tó bọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé e pé èyí ní ààlà. Bí dírẹ́bà bá tẹ búréèkì lójijì, gbogbo yín á dà síwájú. Lójú ẹni inú ọkọ̀, àfi bí ẹni pé ọwọ́ kan tì yín. Lójú ẹni orí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó tì yín: ọkọ̀ ló dẹwọ́ eré, ara yín sì ń bá eré tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà. Ọkọ̀ tó ń lọ geere ló lè fara pamọ́. Èyí tó yí eré tàbí ọ̀nà padà ti tú ara rẹ̀ fó.

Ilẹ̀ náà ń rìn. Àwọn àgbà ní ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Yíyí ayé ń gbé Kàbà lọ síhà ìlà oòrùn ní ohun tó ju kìlómítà 1,600 lọ ní wákàtí kan, ó sì dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò fura. Ní 1851, Foucault, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, so irin wíwúwo kan mọ́ wáyà mítà 67 ní Páríìsì, ó jẹ́ kó máa fì. Bí wákàtí ti ń lọ, ojú ibi tó ń fì sí ń yí díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí àwọn òǹwòran dúró lé ń yí lábẹ́ rẹ̀.